Rákélì Ni Mo Kọ, Ràfíátù Ni Wọ́n Sọ Ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wúruwùru. Tíṣà ni mí, ojoojúmọ́ ni mo ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé kó kọ̀wé kó gún, ṣùgbọ́n lónìí èmi náà ò lè kọ ọ́ kó gún. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún mẹ́fà. Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kú, kò mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ wa náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lóṣù tó kọjá, bàbá kan gbé àga tuntun wá sílé wa ní Mushin. Fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ nítorí oore tí mo ń ṣe fún ọmọ òun. Ó gbàdúrà fún mi, ó pẹ́ lórí àdúrà náà. Ọkọ mi ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe àmín, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé wọ́n bọ́ mi síhòòhò. Èmi tí bàbá yìí ń ṣàdúrà fún, èmi ni mo ba ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Títí di òní, mi ò tíì lè jókòó lórí àga náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí mi sí. Ilé ìwé ìjọ wa ni mo ti ka ìwé mẹ́fà, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo di tíṣà. Ìyá mi, tó ń ta ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti Makoko, wà lára àwọn obìnrin ìjọ tó ru omi àti yanrìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwé náà. Oyún àbúrò mi wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí a bá ń kọjá níbẹ̀, á na ọwọ́ sí ògiri kan, á ní, "Omi tèmi ló wà nínú èyí." Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dàgbà sí. Lójú tèmi, ilé ìwé yẹn kì í ṣe ilé ìwé lásán, ogún ìyá mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi èyí ṣe àwíjàre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Àṣà kan wà nílé ìwé wa nígbà náà. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní àdúgbò, ilé ìwé wa ló sì sún mọ́ wọn jù, nítorí náà àwọn ọmọ wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá dé, tíṣà á fún un lórúkọ mìíràn, orúkọ inú Bíbélì, èyí ni wọ́n á kọ sínú rẹ́jísítà. Orúkọ ilé ìwé là ń pè é. Jímọ̀ á di Jákọ́bù, Ganíyù á di Gébúrẹ́lì. Kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Àwọn òbí mìíràn á tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n á ní bí ọmọ àwọn bá ṣáà ti mọ̀wé, kí a máa pè é ní ohun tó wù wá níbẹ̀, tó bá délé á máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ káfíńtà kan ni Ràfíátù. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káfíńtà, jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Bí bẹ́ǹṣì ilé ìwé bá kán, òun la máa ń ránṣẹ́ sí, bí a bá sì ní kí ló gbà, á ní kí a fi ọwọ́ kan orí ọmọ òun. Èmi ni mo fún Ràfíátù lórúkọ ilé ìwé. Mo kọ Rákélì. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ mí fún, kí a má ṣe gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ òun nínú ẹ̀sìn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ìwé nìkan la ó kọ́ ọ.

A kọ́ ọ lóòótọ́. Orí ọmọ yẹn pé. Bí mo bá ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì á ṣì wà lọ́wọ́ mi tí yóò ti nawọ́ sókè. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, ìgbà mìíràn mo máa ń yẹ ìdáhùn tèmi wò lẹ́ẹ̀kejì nítorí rẹ̀.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ìjọ ló ni ilé ìwé, ìjọba ló sì ń san owó oṣù wa. A ò rí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀ títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó ń sanwó yẹ kó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n ní owó ìlú ni, Mùsùlùmí ń san owó orí, onígbàgbọ́ ń san án, nítorí náà ilé ìwé tí a fi owó gbogbo ènìyàn gbé ró kò gbọdọ̀ fi agbára kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti òbí rẹ̀. A tún gbọ́ pé wọn ò ní pẹ́ gba àwọn ilé ìwé náà pátápátá.

Inú bí wa ní ìjọ. Àwọn àgbààgbà ní ìjọba ò ru omi, ìjọba ò ru yanrìn, kí ló wá kàn wọ́n. Ohùn tèmi ló tilẹ̀ ga jù nínú ìpàdé. Mo ní bí wọ́n bá mú olùkọ́ Ìsìláàmù kan wọlé lónìí, lọ́la wọ́n á kọ́ mọ́ṣáláṣí sínú ọgbà wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn wà lára ohun tó ṣì mí lọ́nà, nítorí pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí.

Kò pẹ́ sí i, ìwé kan dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí a kọ iye ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé tí wọ́n bá ti pọ̀, ìjọba á rán olùkọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù síbẹ̀, kí àwọn ọmọ náà lè máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ onígbàgbọ́ bá ń kọ́ Bíbélì. Ọ̀gá ilé ìwé wa wà lórí àìsàn lákòókò náà, èmi tí mo pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ìwé náà lé lọ́wọ́.

Mo mọ iye wọn. Ní kíláàsì tèmi nìkan, méjìlélógún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣí rẹ́jísítà, mo ń kà á lórúkọ lórúkọ. Jákọ́bù, onígbàgbọ́. Gébúrẹ́lì, onígbàgbọ́. Rákélì, onígbàgbọ́. Àwọn mẹ́ta péré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mi ò tíì fún lórúkọ ilé ìwé, ni mo kà sí Mùsùlùmí. Mo kọ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é láti kíláàsì dé kíláàsì. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́, pé ohun tó wà nínú rẹ́jísítà ni mo kọ. Ẹ wo irú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí ọkàn ènìyàn lè gbọ́n.

Ó jọ pé iye náà kéré lójú wọn ní ọ́fíìsì, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì olùbẹ̀wò kan wá. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni, tó wọ ìgò ojú. Ó gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó wá gbójú sókè wo àwọn ọmọ. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ràfíátù wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, làálì ṣì pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, kí lorúkọ rẹ?"

Ọmọ náà yíjú. Èmi ló wò. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù nìyí. Mo ti máa ń kọ́ wọn pé bí àlejò bá wá, orúkọ inú rẹ́jísítà nìkan ni kí wọ́n sọ. Mo ranjú mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Rákélì, sà."

Olùbẹ̀wò yíjú sí mi, ó bi mí bóyá gbogbo Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn. Mo ní bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà nìyẹn. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwé tó yí wa ká gba olùkọ́ Ìsìláàmù. Tiwa ò gbà. Bàbá Káfíńtà àti àwọn bàbá bíi mélòó kan lọ bèèrè ní ọ́fíìsì, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìwé tó ti ilé ìwé wa wá fi hàn pé àwọn Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n wá bá ọ̀gá wa, tí ara rẹ̀ ti yá, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó kàn ń gbèjà ilé ìwé. Ẹ̀yìn ni mo wà tí mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mi ò gbójú sókè. Bàbá Káfíńtà kò pariwo. Ó kàn ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà wá, wọn ò rí wa."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Ràfíátù ò wá, bàbá rẹ̀ ti yọ òun àti àbúrò rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìwé márùn-ún ló wà nígbà náà. Àyè ẹnìkan péré ni wọ́n rí ní ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi síbẹ̀. Ràfíátù wá lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kọjá ló yá jù láti ilé mi dé ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Ọkọ mi ní kí ló dé tí mo ń rìn yípo bẹ́ẹ̀, mo ní dókítà ní kí n máa rìn.

Ìjọba sì gba ilé ìwé náà níkẹyìn. Wọ́n kun pátákó tó wà lẹ́nu géètì, wọ́n kọ orúkọ tuntun sí i. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán olùkọ́ Ìsìláàmù sí wa wàyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́, ọmọlúàbí ènìyàn. Bó bá ti rí mi báyìí, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, mi ò rí i ṣe. Bí a bá ti jáde fún ìsinmi, a jọ máa ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Nígbà ẹ̀kọ́ Bíbélì, àwọn tirẹ̀ á bá a lọ sábẹ́ igi, àwọn tèmi á dúró, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Kí n sọ òótọ́, àwọn tó dúró ń gbọ́ Bíbélì báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé òbí wọn ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Kò sí mọ́ṣáláṣí kankan nínú ọgbà wa. Ògiri ìyá mi wà níbẹ̀. Ohun tí mo torí rẹ̀ ṣe ibi, kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Surulere. Ọmọbìnrin kan jáde wá láti wọ̀n mí, téèpù kọ́ ọ lọ́rùn. Ó wọ̀n mí tán, ó ṣírò yáàdì aṣọ náà lórí, kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì sọ iye tí yóò ṣẹ́kù. Mo gbójú sókè wò ó. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ò dá mi mọ̀ ni? Èmi Rákélì ni."

Nílé bàbá rẹ̀ àti níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Rákélì. Èmi nìkan ló fi orúkọ yẹn dá lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kó máa wá sílé mi lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Mò ń kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó yẹ kó ti kọ́. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti kúrò nílé ìwé, kó lè máa lọ sí ilé ìwé ìrọ̀lẹ́, kó sì di nọ́ọ̀sì níkẹyìn. Á ṣe é. Mo mọ̀ pé á ṣe é. Ohun tí mo fi ọdún kan kọ́ àwọn ẹlòmíì, oṣù mẹ́ta ló fi mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi gbé àga wá fún mi. Ó sì bẹ̀ mí ní ohun kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilé ìwé tó ti kà tẹ́lẹ̀, orúkọ tó bá wà nínú rẹ́jísítà ni tíṣà tó kọ́ ọ ń kọ sí i. Bàbá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ Ràfíátù sí i. Orúkọ tí mo pè sí i létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Tó bá yege, mo fẹ́ kó jẹ́ òun ló yege."

Mo ní màá wò ó. Kí ni kí n wí? Bí mo bá kọ Rákélì, ọmọ náà á gba ìwé ẹ̀rí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ títí ayé. Bí mo bá kọ Ràfíátù, mo ní láti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọmọ Mùsùlùmí ni Rákélì inú rẹ́jísítà, pé èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo kọ mẹ́ta sí níjọ́sí ṣì wà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé, ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, mi ò lè fara dà á mọ́. Ó ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìwé tí mo kọ, iye tí mo kà, olùbẹ̀wò. Mo rò pé á dìde, á máa lọ. Kò dìde. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni mo dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá sọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà, bóun bá ti kírun, òun máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí irọ́ tóun pa fún bàbá onígò ojú yẹn jì òun. Ó ní òun gbọ́ nílé pé wọ́n kọ̀ láti rán olùkọ́ wá, òun sì mọ̀ pé òun ló fà á. Ìdí nìyẹn tóun ò fi sunkún nígbà tí wọ́n mú òun kúrò nílé ìwé. Ó rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ẹ̀yin ará mi, mo ti ń ru ẹrù yìí fún ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé ọmọdé kan ló ń bá mi rù ú.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ràfíátù, irọ́ mi ni. O ò purọ́ kankan." Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó sunkún dáadáa, èmi náà sun tèmi. Nígbà tó nu ojú tán, kò bú mi, kò gbé mi ṣépè. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní, "Ṣé ẹ ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi?" Mo ní màá sọ ọ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó ní kí n jẹ́ kóun parí ìṣirò yẹn.

Mo ti kọ ìwé ẹ̀rí náà. Ràfíátù ló wà nínú rẹ̀, orúkọ mi àti ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀, àlàyé bó ṣe jẹ́ sì wà láàárín. Bí wọ́n bá ní kí n má ṣe ọ̀gá mọ́, kí wọ́n mú un lọ. Bí wọ́n bá lé mi, oko ò jìnnà, mo sì lè ta ẹja bí ìyá mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, màá gba ojú ọ̀nà tó yá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà, èmi àti ọkọ mi, nítorí màá ti sọ ọ́ fún òun náà kó tó dọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ ni, àbí kí n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́ ju bó ṣe rí lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí mo ka ọmọ yín bí ẹni tí kò sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ará ìjọ mi tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ síta.

Méjìlélógún ni wọ́n, Ràfíátù kàn jẹ́ ẹnìkan nínú wọn. Àwọn yòókù ti tú ká, òmíràn wà ní Jíbówú tó ń kọ́ iṣẹ́ mọ́tò, òmíràn mi ò mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ka ilé ìwé wa, tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ tí orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wá. Kó má bẹ̀rù. Mo rántí gbogbo wọn pátá, Jímọ̀, Ganíyù, Sìkírátù, Mùsíbáù, mo rántí bẹ́ǹṣì tí kálukú jókòó sí. Kó kàn wá sọ orúkọ ara rẹ̀ fún mi, màá kọ ọ́.